Ẹjọ́ tí Isaac Dá Lábẹ́ Dongoyárò

Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kẹta ọdún 1984, ọjọ́ Sátidé, ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, Aláàárù kú lábẹ́ igi dongoyárò tó wà ní àgbàlá Isaac Fádípẹ̀ ní Kofar Rini, ní Sókótó. Aláàárù kì í ṣe ènìyàn, akọni inú eré ni. Orí bébà ló wà, pẹ́ńsù ni wọ́n fi kọ agbára rẹ̀ síbẹ̀. Túnráyọ̀ Ọ̀ṣúnṣínà ló ni ín. Nígbà tí Isaac kéde pé ó ti kú, Túnráyọ̀ ká bébà náà sí mẹ́rin, ó fi í sínú báàgì rẹ̀, ó sọ fún gbogbo wọn pé ó dàbọ̀, ó sì lọ. Kò jókòó sábẹ́ igi náà mọ́.

Òyìnbó ará Kánádà kan tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní fisíìsì ní ilé-ẹ̀kọ́ tí Isaac ti ń kọ́ wọn ní ìṣirò ló fi páálí eré náà sílẹ̀ fún un nígbà tó ń padà sí ìlú rẹ̀. Ìwé òfin kan wà nínú rẹ̀ àti dáìsì pupa mẹ́ta. Ẹnì kọ̀ọ̀kan tó bá fẹ́ ṣe eré náà yóò dá akọni kan sílẹ̀ láti inú orí ara rẹ̀, akọni tó lágbára ju ọmọ aráyé lọ. Ẹnì kan yóò jẹ́ adájọ́. Adájọ́ ni yóò sọ ibi tí ìjà ti bẹ́, òun ni yóò ju dáìsì fún ọ̀tá, ohun tó bá sì wí labẹ gé.

Isaac ni adájọ́. Mamman máa ń wá, télọ̀ ará Kofar Doya tó gbọ́ Yorùbá nítorí pé Ìlọrin ló ti kọ́ṣẹ́. Àǹtí Felicia tó ń ṣe irun ní ojúlé kejì máa ń wá. Alfred Ọ̀ṣúnṣínà náà máa ń wá, ọmọ Bàbá oníbúrẹ́dì ní Mabera.

Nínú gbogbo òfin inú ìwé náà, òfin yíyẹ̀ ló ń dá aáwọ̀ sílẹ̀ jù. Bí ọ̀tá bá fẹ́ lù ọ́, o lè yẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n o gbọ́dọ̀ la ẹnu sọ pé "Mo yẹ̀ ẹ́" kí dáìsì tó kúrò lọ́wọ́ adájọ́. Ẹni tó bá yẹ̀ kò ní lè luni ní ìyípo yẹn. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dí kò lè yẹ̀ rárá. Ohun tí o bá sì yẹ̀, ẹni tó dúró lẹ́yìn rẹ ló máa bà. Bí dáìsì bá ti balẹ̀, ẹnu ò ṣiṣẹ́ mọ́. Isaac ka òfin yìí sí wọn létí lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó sì tún un kà lọ́jọ́ kejì.

Alfred ló mú àbúrò rẹ̀ wá, ní ọjọ́ kẹtàlá oṣù kọkànlá ọdún 1982. Ọyẹ́ ti dé, ètè gbogbo wọn ti là.

"Túnráyọ̀ nìyí, tíṣà ni òun náà, àwọn ọmọ kéékèèké ló ń kọ́," Alfred wí. "Ó ní òun fẹ́ bá wa ṣe é. Mo ti sọ fún un pé eré ọkùnrin ni."

Àǹtí Felicia gbójú sókè. "Èmi wá ńkọ́? Ṣé irùngbọ̀n lo rí lágbọ̀n mi?"

Isaac fún ọmọbìnrin náà ní bébà, ó bi í irú akọni tó fẹ́.

"Aláàárù," ó dáhùn. "Kì í fò, kì í yọ iná lójú. Ṣùgbọ́n ohun tó bá gbé rù, ì báà jẹ́ òkè, kò ní já bọ́."

Alfred bú sẹ́rìn-ín. "Nínú gbogbo agbára tó wà láyé! Èmi ni Mọ̀nàmọ́ná, àbúrò mi wá di aláàárù."

"Bí gbogbo yín bá ń sáré, tí ẹ ń fò, ta ni yóò ru ẹrù yín?"

Ọ̀tá tí Isaac gbé dìde lọ́jọ́ náà ni Ọba Yanrìn, tó máa ń ti aṣálẹ̀ wá gbé ìlú mì. Ó sọ àpáta lu Aláàárù. Dáìsì ti balẹ̀, ojú rẹ̀ burú, kí Túnráyọ̀ tó kígbe pé, "Mo yẹ̀ ẹ́!"

"Ó ti pẹ́," Isaac wí.

"Ẹ ṣàánú, tíṣà," Alfred wí. "Ọjọ́ àkọ́kọ́ rẹ̀ nìyí, obìnrin sì ni."

Isaac wo ọmọbìnrin náà. Ojú rẹ̀ tutù, àárín eyín rẹ̀ sì là. Ọkàn Isaac fẹ́ dárí jì í. Ó wo dáìsì.

"Ó ti balẹ̀, Alfred," ó wí, ó sì gé ìdajì ẹ̀mí Aláàárù kúrò.

Nígbà tí wọ́n ń lọ, Túnráyọ̀ dúró díẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ ṣeun, tíṣà."

"Kí lo ń dúpẹ́ fún? Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ọ́."

"Nílé wa, ẹni tí ohùn rẹ̀ bá ròkè jù ló ń jàre. Bàbá mi ló ń dájọ́, bọ̀ọ̀dá mi ló sì ń jàre. Òní ni mo kọ́kọ́ rí ibi tí wọ́n ti sọ fún bọ̀ọ̀dá mi pé rárá."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Isaac lára. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni nígbà náà, kò sí obìnrin kankan tó tíì rí ohun rere kan lára rẹ̀ tó dárúkọ rẹ̀ fún un rí.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ sí Mabera láràárọ̀ láti ra búrẹ́dì. Búrẹ́dì kún ilé rẹ̀ débi pé àwọn ewúrẹ́ àdúgbò mọ ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Àǹtí Felicia wò ó títí, ó ní:

"Tíṣà, búrẹ́dì mẹ́ta lóòjọ́, ìwọ nìkan? Ṣé o fẹ́ ṣí ìsọ̀ ni?"

Isaac fọwọ́ họrí.

"Fi í sílẹ̀ fún mi," obìnrin náà wí. "Iṣẹ́ mi ni kí n tú ohun tó bá lọ́."

Bẹ́ẹ̀ ni Àǹtí Felicia ṣe di alárinà. Abẹ́ àwọn kóòmù rẹ̀ ló ń kó lẹ́tà sí. Oṣù mẹ́rìnlá gbáko ló fi lọ tó fi bọ̀. Lẹ́tà tí Isaac ń kọ gùn, ti Túnráyọ̀ kúrú. Èyí tó kọ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1984, nígbà tí Isaac ní òun fẹ́ fi í ṣaya, ló kúrú jù nínú gbogbo rẹ̀: "Mo gbà. Ẹ má ṣe yí padà."

Ṣùgbọ́n Bàbá Ọ̀ṣúnṣínà kò gbà. Àwọn ológun ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìjọba, fúláwà sì di ohun à-ń-wá-kiri. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Àyànbọ̀dé, onílọ́rì ará Ìlọrin, ló ń wá a fún Bàbá láti ọ̀nà jíjìn, kò sì fi pamọ́ pé Túnráyọ̀ wu òun.

"Tíṣà!" Bàbá sọ fún Àǹtí Felicia nígbà tó wá tọrọ. "Ṣé ṣọ́ọ̀kì la ó fi po búrẹ́dì?"

Ojú Bàbá ti ń ṣú. Alfred ló ń darí ààrò, Alfred ló ń ka ìwé fún un. Ohun tí Alfred bá ní òun rí ni Bàbá rí. Gbogbo Mabera ló mọ̀ pé ẹni tó bá fẹ́ gba ọ̀dọ̀ Bàbá kọjá, ọ̀dọ̀ Alfred ni yóò kọ́kọ́ gbà.

Ní ọjọ́ Tọ́sìdeé tó ṣáájú Sátidé yẹn, Alfred yà sí ilé Isaac. "Fọkàn balẹ̀, àna mi," ó wí. "Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, bí a bá jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, màá bá Bàbá sọ ọ́ dópin. Ìwọ náà ṣáà máa mọ ẹni tó ń ṣe ọ́ lóore."

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí Alfred pè é ní àna. Odidi ọjọ́ méjì ni Isaac fi ń gbọ́ ọ létí ara rẹ̀.

Ooru oṣù kẹta ní Sókótó kì í ṣe ohun tí à ń fẹnu sọ. Lọ́jọ́ Sátidé náà, àwọn adìyẹ dùbúlẹ̀ lábẹ́ dongoyárò, wọ́n la ẹnu sílẹ̀. Mamman ra fura wá, ọkà tí wọ́n pò mọ́ wàrà fún mímu. Ọba Yanrìn wó ilé-ẹ̀kọ́ kan mọ́ àwọn ọmọdé lórí, Túnráyọ̀ sì ní Aláàárù wọ abẹ́ òrùlé, ó gbé e rù kí àwọn ọmọ lè jáde.

"O mọ̀ pé ọwọ́ rẹ dí," Isaac kìlọ̀ fún un. "Bí nǹkan kan bá ń bọ̀, o ò lè yẹ̀ ẹ́."

"Mo mọ̀. Bọ̀ọ̀dá mi ló wà níwájú mi."

Ọba Yanrìn gbé lọ́rì kan sókè, ó sọ ọ́ lu Mọ̀nàmọ́ná. Isaac di dáìsì mú. "Alfred, kí lo wí?"

Fura ni Alfred ń mu. Ó kàn fọwọ́ ṣe báyìí, bí ẹni tó ń lé eṣinṣin. Isaac dúró díẹ̀. Ó ju dáìsì. Mẹ́fà, mẹ́fà, mẹ́fà. Láti ìgbà tí wọ́n ti ń ṣeré náà, irú rẹ̀ kò balẹ̀ rí.

"Mo yẹ̀ ẹ́!" Alfred kígbe, fura sì ta sí àyà rẹ̀.

"Haba, Malam Alfred!" Mamman fò dìde. "Wallahi, ó ti balẹ̀!"

"Mo ti sọ ọ́ ṣáájú. Ọwọ́ tí mo jù yẹn ńkọ́? Fura ló wà lẹ́nu mi."

"Ṣé ọwọ́ ń sọ̀rọ̀ ni?"

"Mamman, aṣọ rẹ ni kó o máa rán. Fi ẹjọ́ sílẹ̀ fún adájọ́."

Gbogbo wọn yíjú sí Isaac. Alfred náà wò ó, kò bẹ̀ ẹ́, kò sì bínú. Ó kàn wò ó bí ènìyàn ṣe ń wo ẹni tó ti jẹ oúnjẹ rẹ̀. Ọdún kan ààbọ̀ ni Mọ̀nàmọ́ná fi wà láìkú, Alfred máa ń ròyìn rẹ̀ fún àwọn tó ń po búrẹ́dì nídìí ààrò. Bí Isaac bá pa á lónìí, kí ni Alfred yóò sọ fún Bàbá lọ́la? Isaac rò ó pé eré ṣáà ni, pé bébà ni, pé Túnráyọ̀ gan-an ni òun ń ṣe é fún.

"Mo gbọ́ ọ," ó wí. "Ó sọ ọ́ kí dáìsì tó balẹ̀."

Mamman padà jókòó. Lẹ́yìn náà ni Isaac rántí ibi tí lọ́rì ń lọ. Mọ̀nàmọ́ná ti yẹ̀, ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ló kù, ọwọ́ ẹni náà sì dí.

"Ṣé ẹ gbọ́ ọ lóòótọ́?" Túnráyọ̀ bi í. Ohùn rẹ̀ kò le.

"Mo gbọ́."

"Ó dáa. Ẹ jẹ́ kó bà mí."

Alfred mú ìlérí rẹ̀ ṣẹ. Lọ́jọ́ kejì, ó bá Bàbá sọ̀rọ̀, Bàbá sì ní kí tíṣà kó àwọn ènìyàn rẹ̀ wá ní ọjọ́ kejì oṣù kẹfà. Ayọ̀ ni ìròyìn náà, ṣùgbọ́n Sátidé mẹ́ta kọjá, Túnráyọ̀ kò wá, kò sì kọ lẹ́tà.

"Ṣé nítorí bébà ni?" Isaac béèrè lọ́wọ́ alárinà.

"Mo bi í. Ó ní kì í ṣe nítorí bébà." Àǹtí Felicia kò wo ojú rẹ̀. "Fẹsẹ̀ ara rẹ lọ, tíṣà. Ibi tí ọ̀rọ̀ dé yìí, n kò lè fi kóòmù tú u."

Isaac lọ bá a ní ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní àkókò ìsinmi. Abẹ́ fèrèsé kíláàsì ni wọ́n dúró sí, àwọn ọmọ ń pariwo.

"Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo ní," Túnráyọ̀ wí. "Ṣé ẹ gbọ́ ohùn bọ̀ọ̀dá mi kí dáìsì tó balẹ̀?"

"Túnráyọ̀, eré ni."

"Mo mọ̀ pé eré ni. Ìbéèrè mi kì í ṣe eré."

Isaac wo ilẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan péré ni. Ó ti dé ọ̀fun rẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú tì í, ó sì gbé e mì. "Nítorí àwa méjèèjì ni mo ṣe ṣe ohun tí mo ṣe."

"Àwa méjèèjì? Èmi ni lọ́rì wó lù." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín náà kò dé ojú rẹ̀. Ó fa ìwé kan yọ nínú báàgì, ìwé tó fi hàn pé kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ ti gbà á wọlé fún oṣù kẹsàn-án. "Ẹ fetí sí mi. Ní ọjọ́ tí ẹ bá wá, wọ́n máa ní kí n fi èyí sílẹ̀, kí n máa bójú tó ilé búrẹ́dì. Bọ̀ọ̀dá mi ti ń sọ ọ́. Bí wọ́n bá bi yín léèrè, ẹ ní rárá. Ẹ dọ̀bálẹ̀ sọ ọ́, ẹ fi ọ̀wọ̀ sọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ sọ ọ́."

"Màá sọ ọ́."

"Bí Bàbá bá bínú ńkọ́?"

"Màá sọ ọ́, Túnráyọ̀. Mo ṣèlérí."

Túnráyọ̀ wo ojú rẹ̀ pẹ́. Ó ká ìwé náà padà, agogo sì lù.

Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹfà, àwọn àgbà ẹgbẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú mẹ́ta tẹ̀lé Isaac lọ sí Mabera. Mamman náà tẹ̀lé e. Ààwẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, kò sì fi omi kan ẹnu, ṣùgbọ́n òun ló ń ṣe àwàdà jù níbẹ̀. Wọ́n kí ara wọn, wọ́n gbé lẹ́tà ìtọrọ kalẹ̀. Bàbá Ọ̀ṣúnṣínà gbórí síbi tí ohùn Isaac ti ń wá.

"A ti rí yín," ó wí. "Alfred sọ dáadáa nípa yín. Ọ̀rọ̀ kan ló kù. Alfred, sọ ọ́ fún àna rẹ."

Alfred tún ọ̀fun ṣe. "Bàbá ní ọwọ́ kò tó ní ilé búrẹ́dì. Wọ́n ní bí Túnráyọ̀ bá lọ sílé ọkọ, kó ṣì máa wá ṣe é. Ọ̀rọ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì yẹn, kí ó fi sílẹ̀. Ṣé ẹ fara mọ́ ọn, tíṣà?"

Aṣọ ìlẹ̀kùn yàrá mì díẹ̀. Isaac mọ ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ó dọ̀bálẹ̀. Láti ibi tó wà, ẹsẹ̀ Bàbá àti sálúbàtà Alfred nìkan ló rí. Ó mọ ohun tó ṣèlérí. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà Ìjẹ̀bú wà lẹ́yìn rẹ̀, ó sì rò ó lọ́kàn pé ẹ̀bẹ̀ la fi ń gba ìyàwó. Kí òun gbà báyìí. Bí Túnráyọ̀ bá dé ilé òun tán, ta ni yóò dí òun lọ́wọ́ láti rán an lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì?

"Bí ẹ bá ti wí náà ni, Bàbá," ó wí. "Ohun tó bá tẹ́ yín lọ́rùn."

Inú gbogbo ilé dùn. Bàbá rẹ́rìn-ín, ó ní kí wọ́n pe ọmọ jáde. Àṣà wọn ni pé wọn kì í ṣí lẹ́tà ìtọrọ àfi bí ọmọbìnrin bá fọwọ́ sí i, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n sì ń bi í. Kò sí ẹni tó rántí ọmọ tó kọ̀ rí. Wọ́n kàn máa ń fi ṣe ẹ̀fẹ̀ ni.

Túnráyọ̀ jáde, ó kúnlẹ̀. Bàbá na lẹ́tà sí i.

"Àwọn àlejò kọ̀wé. Ṣé ká ṣí i?"

"Ẹ má ṣí i, Bàbá."

Àwọn àgbà rẹ́rìn-ín. "Ìyàwó ń ṣakọ!" ọ̀kan wí.

"Mo tún bi ọ́. Ṣé ká ṣí i?"

"Ẹ má ṣí i."

Ẹ̀rín dáwọ́ dúró. Bàbá na ọwọ́, ó wá orí ọmọ rẹ̀ títí ọwọ́ rẹ̀ fi bà á. "Túnráyọ̀. Ìkẹta nìyí. Mọ ohun tí ò ń sọ."

"Mo mọ̀ ọ́n, Bàbá. Ẹ dá a padà fún wọn."

Isaac ṣì wà lórí ìdọ̀bálẹ̀. Mamman ló fà á dìde.

Ẹni tó bá kọ̀ lójú àlejò ti dójú ti ilé bàbá rẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta, Alfred ju ìwé kọ́lẹ́ẹ̀jì náà sínú ààrò. Kí oṣù tó parí, wọ́n ti fi Túnráyọ̀ fún Àyànbọ̀dé. Àǹtí Felicia sáré lọ bẹ̀ ẹ́, kí ó sọ pé Isaac ni òun fẹ́, ọ̀rọ̀ ṣì lè yí. Ohun tó fi dá a lóhùn ni obìnrin náà gbé wá fún Isaac, ó sunkún kó tó lè sọ ọ́ tán.

"Ó ní Àyànbọ̀dé kò ṣèlérí ohunkóhun fún òun rí. Ó ní kò sí ìlérí tó máa dà."

Ní oṣù kẹjọ, lọ́rì Àyànbọ̀dé gbé e lọ sí Ìlọrin.

Ọdún méjì kọjá. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1986, Bàbá Ọ̀ṣúnṣínà kú, Túnráyọ̀ sì wá sin ín. Isaac lọ kí wọn. Ó bá a nídìí ọpọ́n, ó ń fọ abọ́ àwọn àlejò, ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó ti rù, ọwọ́ rẹ̀ sì ti le.

"Ẹ kú ìrìn, tíṣà."

"Ẹ kú ará fẹ́ra kù." Kò mọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi "ẹ" bá a sọ̀rọ̀. "Túnráyọ̀, n kò gbọ́ ohùn Alfred. Dáìsì ti balẹ̀. Irọ́ ni mo pa."

"Mo mọ̀." Ó ṣan abọ́ kan, ó da omi rẹ̀ nù. "Ọjọ́ tí ẹ wá bá mi ní ilé-ẹ̀kọ́, ohun tí mo ń retí nìyẹn. Ká ní ẹ sọ ọ́ lọ́jọ́ náà, bí gbogbo ilé yìí tilẹ̀ kọ̀, mo máa tẹ̀lé yín."

"Mo fẹ́ rán yín lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì. Mo rò pé bí ẹ bá dé ilé mi tán..."

"Ohun tí Àyànbọ̀dé náà ń wí nìyẹn. Bí mo bá bímọ tán. Mo bí ọ̀kan, ó ní ó ku ọ̀kan." Ọmọ sunkún, ó gbọ̀n ọ́n lẹ́yìn. "Ẹ jókòó, kí wọ́n bu oúnjẹ fún yín. Ẹ má dúró sínú oòrùn."

Isaac kò jókòó.

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1987, ìjọba fòfin de kíkó àlìkámà wọ̀lú láti òkè òkun. Ilé búrẹ́dì tó wà ní Mabera kógbá sílé ní oṣù kẹta, Alfred sì padà sí Ògbómọ̀ṣọ́, ìlú bàbá rẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án, wọ́n gbé Isaac Fádípẹ̀ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Gusau. Òun nìkan ló kó ẹrù rẹ̀. Kò gbéyàwó. Túnráyọ̀ bí ọmọ kejì, ó bí ẹ̀kẹta, kò sì wọ inú kíláàsì kankan mọ́, yálà láti kọ́ni tàbí láti kẹ́kọ̀ọ́.